Ìwé Atọ́nà Fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Ra Agbòòrùn Ìta

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti rí ìwé kà títí ìwé fi sú wọn. Òmùgọ̀ nìkan ni kò rẹ́ni kọ nǹkan kan fún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ló ń náwó jù lọ́jà. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí fún ìwọ tó fẹ́ ra agbòòrùn ńlá, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé dúró síwájú ìsọ̀, sẹ́yìnkùlé, sí ojúde búkà àti níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan pẹ̀lú ọtí tútù. Bóyá iṣẹ́ POS lo fẹ́ ṣe ní Mọ́kọ́lá, bóyá ìyàwó rẹ ló fẹ́ máa ta àmàlà ní Bódìjà, bóyá ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ kàn ń wá ibi tí ẹ ó ti máa ta ayò lọ́jọ́ Àìkú, ìwé yìí á bá ọ mu. Tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fo ẹyọ kan péré, ewu ń bẹ: o lè lọ ra agbòòrùn tó dáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Má fọwọ́ kan téèpù

Téèpù wà fún télọ̀ àti káfíńtà. Ìwọ ní ojú, ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Tó o bá dé ọjà, na apá rẹ méjèèjì, kí o ní, "Ibẹ̀ ò ju báyìí lọ." Má rántí pé mọ́tò onílé máa ń gba ibẹ̀ kọjá, má sì rántí pé ìta ni ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ ń ṣí sí. Ẹni tó ń tà á á wò ọ́ látòkè délẹ̀, á ní, "Ọ̀gá mi, èyí á bo ẹ̀yin, á bo ìyàwó, á tún bo àlejò." Má bi í pé àlejò mélòó.

Wàá rí nọ́ńbà lára àpò agbòòrùn náà. Ká ní 48 ni. Íǹṣì ni wọ́n ń sọ. Ojúlówó òmùgọ̀ á gbà pé bí agbòòrùn náà ṣe fẹ̀ láti etí kan dé èkejì nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, gígùn egungun kan ṣoṣo ni, láti orí òpó dé etí aṣọ. Íǹṣì 48 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 122. Ẹni tó ka ìwé díẹ̀ á wá fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀, á ní agbòòrùn òun fẹ̀ tó mítà 2.44. Òun náà ń gbìyànjú. Ohun tó gbàgbé ni pé ẹ̀yìn agbòòrùn tẹ̀, ohun tó sì gba orí ẹ̀yìn kọjá máa ń gùn ju ohun tó bo ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó máa bò kò ní tó mítà 2.44 láéláé. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣí agbòòrùn náà lójú òun, tó wá na téèpù gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀ láti ṣóńṣó egungun kan dé ṣóńṣó èyí tó kọjú sí i, òpùrọ́ ni. Kì í ṣe ara wa.

Ìgbésẹ̀ kejì: Tábìlì ni kí o ṣíji bò

Wo bí tábìlì rẹ ṣe tóbi tó, kí o wá agbòòrùn tó bá a ṣe déédéé. Bí tábìlì rọ́bà rẹ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, agbòòrùn mítà 1 ti pọ̀ jù fún un. Ife á wà lábẹ́ ìbòòji, ìgò á wà lábẹ́ ìbòòji, igbá ata á tutù minimini. Àwọn tó ní orí, tí wọ́n sì ní ẹ̀yìn ọrùn, níta ni àwọn máa wà.

Alátakò kan á dìde, á ní ẹni tó bá jókòó ti tábìlì ń gba tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Á ní nítorí náà, tábìlì 90 ń fẹ́ agbòòrùn tí kò dín ní mítà 2.1, àti pé tí oníbàárà bá yó tán tó fẹ̀yìn ti àga, ó tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má dá a lóhùn. Jẹ́ kí oníbàárà rẹ jókòó, kí èjìká ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ìbòòji, kí ti òsì wà nínú oòrùn, kí ó máa fi ọwọ́ kan jẹ ẹja, kí ó fi èkejì bo etí. Bó bá ní, "Àǹtí, ẹ ò rí i pé oòrùn ń pa mí?", fi ọwọ́ hàn án pé tábìlì ò rojọ́ o.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Gbà pé oòrùn dúró sójú kan

Gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù, orí èyí ni wọ́n dúró lé. Òmùgọ̀ gbà pé ìbòòji agbòòrùn, abẹ́ agbòòrùn ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ló fi rí i lọ́sàn-án gangan, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà.

Irọ́ kọ́ ni ohun tó rí. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró sí àárín orí gẹ́lẹ́ nígbà tí aago 1 bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ìbòòji á wà nídìí òpó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, bí òpó bá ṣe ga sí ni ìbòòji á ṣe jìnnà sí i. Agbòòrùn tí aṣọ rẹ̀ ga ní mítà 2 á ti ti ìbòòji rẹ̀ sún ní mítà 2 sápá ìlà oòrùn. Ká ní agbòòrùn náà fẹ̀ ní mítà 2.2, ìbòòji ò ní kan òpó mọ́. Etí rẹ̀ tó sún mọ́ òpó jù á fi sẹ̀ǹtímítà 90 jìnnà sí i. Tí aago bá fi máa lu márùn-ún, àárín ìbòòji ti rìn tó mítà 4.

Wo ọmọbìnrin oní-POS tó wà ní oríta yẹn. Ní aago 10 àárọ̀, apá ìwọ̀ oòrùn òpó ló jókòó sí. Lọ́sàn-án, ó fara mọ́ òpó bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn. Ní aago 3, ó gbé àpótí rẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Nígbà tó máa fi di aago 4, iwájú ìsọ̀ ìyá aláta ló wà, ẹ̀rọ POS lórí itan, owó nínú báàgì àyà, tábìlì rẹ̀ àti agbòòrùn rẹ̀ sì dá dúró lọ́hùn-ún nínú oòrùn. Ata tàtàṣé ìyá aláta ló ń jẹ̀gbádùn ìbòòji tí ẹlòmíràn sanwó rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún apẹ̀rẹ̀ yìí díẹ̀."

"Ọmọ mi, ṣé ìsọ̀ mi náà lo tún fẹ́ bá mi gbà ni?"

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, ohun tó yẹ òmùgọ̀ ni kí ó padà lọ sọ́jà lọ ra èyí tó tóbi sí i. Ra oní mítà 3, kí o gbé e dúró síbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sán gangan tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìbòòji á ṣì fi sẹ̀ǹtímítà 50 jìnnà sí òpó. Àmọ́ ata ìyá aláta á gbádùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ nípa àwọn kan tó ń ba òmùgọ̀ jẹ́ nígboro. Wọ́n á ní, bó bá jẹ́ ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ọjà rẹ máa ń yá, gbé òpó lọ sápá ìwọ̀ oòrùn ibi tí èèyàn máa jókòó sí. Wọ́n á ní, bí o kò bá mọ ìwọ̀ oòrùn, wo àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò: nílẹ̀ Yorùbá, apá ìlà oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí, nítorí náà ẹ̀yìn wọn ni ìwọ̀ oòrùn wà. Wọ́n tún ní ọgbọ́n kan tó burú ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ tó ga bíi agbòòrùn tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n á mú ẹfun, wọ́n á sàmì síbi tí òjìji orí ọ̀pá bọ́ sí ní wákàtí tí wọ́n máa ń tajà, wọ́n á wá fa àyíká yí àmì náà ká, kí ó fẹ̀ tó agbòòrùn. Ibẹ̀ ni ìbòòji máa wà. Ẹfun náà ò ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sì ti mọ ohun gbogbo kí wọ́n tó dé ọjà. Sá fún wọn.

Tí wọ́n bá sọ fún ọ pé ní oṣù kejìlá oòrùn ọ̀sán máa ń fì sí gúúsù, tí ìbòòji agbòòrùn tó ga ní mítà 2 sì máa ń fi mítà 1 lé díẹ̀ sún sí àríwá, dá wọn lóhùn pé Kérésìmesì lo fẹ́ ṣe, o ò fẹ́ kọ́ jọ́gíráfì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ra irú ti Kábíyèsí

Bí gbogbo èyí bá dà ọ́ lójú rú, ra èyí tó tóbi jù. Àwọn àgbà á pòwe fún ọ pé ìka tó tọ́ símú la fi ń romú. Sọ fún wọn pé imú tìẹ tóbi.

Àpẹẹrẹ ò jìnnà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá tí wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, wo agbòòrùn tó ń jó lórí àwọn ọlọ́lá. Kọjá sí ilẹ̀ Benin, ní Àgbómẹ̀, àwọn ọba Dàhómì náà ní agbòòrùn ńlá tí wọ́n rán àwòrán aláṣọ mọ́ lára yíká. Fọ́tò wọn ni kí o gbé lọ fún ẹni tó ń tajà, kí o ní, "Irú èyí."

Ohun tí òmùgọ̀ kì í rí nínú fọ́tò náà ni ọkùnrin tó di ọ̀pá mú. Òun ni ọgbọ́n inú agbòòrùn ọba. Bí ọba bá yà sọ́tùn-ún, ó yà sọ́tùn-ún. Bí oòrùn bá fì, ó fì í padà. Agbòòrùn ọba kì í kéré jù, kì í sì í tóbi jù, torí pé ẹnì kan ń gbé ìbòòji náà tẹ̀ lé orí tó wà fún láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi wọ ààfin. Tìrẹ, inú ike ọ̀dà ló dúró sí. Kò lè rìn. Ṣùgbọ́n ó tóbi, àbí kò tóbi?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Jẹ́ kí etí rẹ̀ wà ní ọ̀gangan ojú àlejò

Agbòòrùn tó ga, ìfowóṣòfò ni. Fà á wálẹ̀ kí ṣóńṣó egungun rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹyinjú ẹni tó bá ń bọ̀ wá ra nǹkan. Gbogbo oníbàárà á máa tẹríba kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọ̀wọ̀ ńlá nìyẹn jẹ́. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ń tòde ìgbéyàwó bọ̀ ni, gèlè rẹ̀ á há sáàárín egungun méjì. Á fà á, agbòòrùn á tẹ̀ lé e. Á dúró, agbòòrùn á padà. Ọlọ́gbọ́n á ní ibi tó rẹlẹ̀ jù létí aṣọ kò gbọdọ̀ dín ní mítà 2. Á tún yára sọ pé bó bá ti ga tó náà ni ìbòòji rẹ̀ á máa sá jìnnà tó, nítorí náà kí èèyàn má gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èwo gan-an ni kí á wá ṣe? Òmùgọ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ tó ní "nítorí náà" nínú.

Ní ti òjò, ra kékeré méjì dípò ńlá kan, kí o sì fi etí kan etí. Omi tó ń ṣàn lára àwọn méjèèjì á pàdé láàárín, á máa dà bọ̀ọ̀ sílẹ̀ lójú kan náà. Ibẹ̀ ni kí o gbé àga oníbàárà tó jẹ ọ́ ní gbèsè sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gba èyí tí wọ́n bá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́

Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, abẹ́ agbòòrùn ni àwọn tó ń ta ìpè jókòó sí káàkiri ìgboro, orúkọ ilé iṣẹ́ fóònù sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Látìgbà yẹn ni ojú wa ti mọ́ agbòòrùn ọ̀fẹ́. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ti bá ọ yan ìwọ̀n: ó tóbi tó kí ẹni tó wà nínú mọ́tò lè ka orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Orí tìrẹ ò sí nínú ìṣirò wọn. Ti àwọn olóṣèlú tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú olùdíje ni wọ́n fi wọn tiwọn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé aláwọ̀ pupa, funfun àti ewé dúró síwájú ìsọ̀, rántí pé agbòòrùn ni àmì ẹgbẹ́ PDP láti ọdún 1998 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àwọn kan á wá béèrè ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ, ẹja lo sì ń tà.

Má yẹ aṣọ rẹ̀ wò. Àwọn kan máa ń gbé e sókè sí oòrùn. Bí wọ́n bá rí oòrùn roboto láti inú rẹ̀, wọ́n á ní asẹ́ nìyẹn, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n tún ní aṣọ dúdú tó nípọn ń dí ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń mu ooru, tó bá sì rẹlẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa gba ooru náà lórí. Pé kí èèyàn wá aṣọ tó nípọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun tàbí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ fàdákà kí ó lè máa dá oòrùn padà. Ìṣòro tiwọn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: Fi ìgbàgbọ́ ṣe ìdí rẹ̀

Òmùgọ̀ ń ronú pé agbòòrùn mítà 3 fi ìdajì ju ti mítà 2 lọ. Ẹ̀fúùfù kì í ṣírò báyẹn. Aṣọ agbòòrùn mítà 2 bo nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 3.1, ti mítà 3 bo nǹkan bíi 7.1. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, ìlọ́po méjì náà sì ni ọwọ́ tí ìjì máa fi gbá a mú. Nítorí náà, bí o bá ti ra ńlá, fi búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo tì í nídìí. Bí ara rẹ bá ń gbọ̀n, fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kí ìgò àti àwo wà lórí tábìlì náà, kí wọ́n lè jọ lọ.

Àwọn ọ̀tá òmùgọ̀ máa ń fi páìpù sáàárín ike ọ̀dà oní lítà 20, wọ́n á wá po sìmẹ́ǹtì, iyanrìn àti òkúta kún un. Ike kan náà yẹn, tó o bá rọ omi kún un, kílò 20 ni. Bó bá jẹ́ iyanrìn gbígbẹ, á lé ní 30. Tí sìmẹ́ǹtì àti òkúta bá gan sínú rẹ̀, á súnmọ́ 48. Àwọn mìíràn máa ń da tiwọn sínú táyà àtijọ́ kí ìdí rẹ̀ lè fẹ̀. Tìrẹ, omi ni kí o rọ sí i, kí o má sì wo ibi tó ti ń jò.

Ó wá ku ìjì. Ìjì tó ń ṣáájú òjò nílẹ̀ wa, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló sì fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀, nírọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni ẹni tó ra agbòòrùn tí ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ ti dojú rẹ̀ bolẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, tí inú rẹ̀ sì là sílẹ̀ sí ìlà oòrùn gbayawu. Ohun tó tọ́ lójú oòrùn ló di ẹ̀bi lójú ìjì. Ọlọ́gbọ́n tó bá rí i pé ìlà oòrùn ṣú dẹ̀dẹ̀, á pa agbòòrùn dé, á dì í, á fi ìtìjú sápamọ́. Èyí tó ní ihò lórí, tí aṣọ kejì sì bò ó, a máa jẹ́ kí atẹ́gùn rí ibi gbà jáde, ó sì lè fún un láyè díẹ̀ sí i; síbẹ̀ yóò pa á dé.

Ìwọ, dúró. Adìẹ á sá wọlé, ìyá aláta á da tápólì bo ata rẹ̀, ọmọbìnrin oní-POS á ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Sọ pé, "Á kọjá." Agbòòrùn á kọ́kọ́ gbọ̀n. Búlọ́ọ̀kù á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Egungun kan á ta páà, aṣọ á yí inú síta, gbogbo rẹ̀ á wá dìde nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, sórí mọ́tò onílé. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, má sọ pé ìdí rẹ̀ fúyẹ́. Sọ pé ayé ni, wọn ò fẹ́ kí o ṣe rere.

Ìdánwò

Dáhùn gbogbo ìbéèrè. Má wo ìwé ẹnìkejì rẹ.

1. Ìjì ń bọ̀ láti ìlà oòrùn. Ta ni yóò san owó gíláàsì mọ́tò onílé? (a) ẹni tó ta agbòòrùn (b) ìwọ (d) ayé.

2. Tábìlì rẹ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, èèyàn mẹ́rin sì fẹ́ jókòó tì í. Orí mélòó ló yẹ kí ìbòòji bò? (a) òdo (b) mẹ́rin (d) ó dọwọ́ tábìlì.

3. Kí ló yẹ kí èèyàn wọ̀n kó tó ra agbòòrùn? (a) agbòòrùn ti aládùúgbò, kí tiẹ̀ lè jù ú lọ (b) ilẹ̀ tí ìbòòji máa bọ́ sí ní wákàtí tí àwọn èèyàn máa jókòó síbẹ̀ (d) ohunkóhun tí téèpù ò lè dé.

Ẹni tó bá mú (b) nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fìdí rẹmi. Kí ó dá ìwé yìí padà síbi tó ti rà á, kí ó sì gba owó rẹ̀, torí wọ́n ṣì í tà fún un ni.